Orlando Martins: Òṣèré tí Ìdákẹ́jẹ́ Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ni ó máa ń gbé eré ró. Orlando Martins, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1899, fi èyí hàn. Ní London, ipa kéékèèké ni ó kọ́kọ́ ń rí ṣe, bí ti inú fíìmù Sanders of the River ní 1935.

Ní 1945 ó ṣe Blossom lórí ìtàgé nínú The Hasty Heart. Ní 1949 ó tún un ṣe nínú fíìmù. Ọmọ ogun Áfíríkà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Blossom, ní ilé ìwòsàn ológun kan. Nígbà tí ará Scotland kan níbẹ̀ gbọ́ pé òun yóò kú, ó kọ oore gbogbo ènìyàn, ó ní àánú lásán ni. Ó kọ ìlẹ̀kẹ̀ tí Blossom fún un pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Blossom kò mọ̀ pé ikú wà nílẹ̀. Ìfẹ́ nìkan ni ó mú un ṣe é. Òye èyí ni ó rọ ọkàn líle náà.

Martins padà sílé, ó kópa nínú Kongi's Harvest ní 1970, ó sì kú ní Èkó ní 1985. Bí ẹ bá rí The Hasty Heart, ẹ fi ojú sí ẹni tí kò sọ̀rọ̀.