Ojú Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n: Ọ̀nà Tuntun Láti Dá Ẹ̀jẹ̀ Abiyamọ Dúró

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ Yorùbá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a fi ń kí i. Àwọn àgbà tó fi ìkíni náà lélẹ̀ mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Nínú gbogbo ewu ibẹ̀, ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ó ń pa abiyamọ jù lọ lágbàáyé. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 70,000 obìnrin ni ó ń pa lọ́dọọdún nígbà náà.

Bí ibi ọmọ bá ti jáde, ilé ọmọ gbọ́dọ̀ sún kì, kí ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lè pa dé. Bí ilé ọmọ bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn ṣáá, ìyá sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí oògùn. Ní ọdún 1962, Utako Okamoto, dókítà obìnrin ará Japan, àti ọkọ rẹ̀ gbé oògùn kan jáde tó ń jẹ́ tranexamic acid. Ohun tó wà lọ́kàn obìnrin yìí ni bí ẹ̀jẹ̀ àwọn abiyamọ yóò ṣe dá. Ní 2017, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín obìnrin tó lé ní 20,000 ní orílẹ̀-èdè 21, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé bí wọ́n bá fún abiyamọ ní oògùn yìí kí wákàtí mẹ́ta tó kọjá, ikú tí ìsun ẹ̀jẹ̀ ń fà yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Ó ṣeni láàánú pé Okamoto ti kú ní 2016, kí èsì náà tó jáde.

Kí ló wá ń pa àwọn ìyá wa? Àìtètèmọ̀ ni. Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Omíràn ti rin sínú aṣọ, omíràn ti dà sílẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ pé ó ti pé ìdajì lítà? Nígbà tí wọ́n bá sì mọ̀ tán, wọn a fún un ní oògùn kan, wọn a dúró wo bí yóò ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó lo òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìṣòro yìí ni ìwádìí tí wọ́n pè ní E-MOTIVE dojú kọ. Yunifásítì Birmingham ló darí rẹ̀. Èsì rẹ̀ sì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ó kó ilé ìwòsàn 80 pọ̀ ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, níbi tí obìnrin tó lé ní 210,000 ti bímọ. Ní àwọn ilé ìwòsàn tó lo ètò tuntun yìí, wọ́n tẹ́ àpò ọ̀rá kan sí abẹ́ ìdí abiyamọ, tó ní àmì òṣùwọ̀n lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ojú àmì, ìtọ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: wọn yóò fọwọ́ ra ilé ọmọ láti orí ikùn, wọn yóò fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, wọn yóò fún un ní tranexamic acid, wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò sì yẹ ara rẹ̀ wò láti mọ orísun ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n lè tètè ké sí dókítà.

Èsì rẹ̀ yani lẹ́nu. Níbi tí wọ́n ti lo ètò yìí, wọ́n rí ìsun ẹ̀jẹ̀ mọ̀ lára ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe. Ìdá 51 péré ni wọ́n rí mọ̀ níbi tí wọn kò ti lò ó. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ní láti ṣíṣẹ́ abẹ fún, tàbí tó bá a lọ, jẹ́ nǹkan bí 16 nínú 1,000, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 43. Kí ọdún 2023 tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ọ̀nà náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń retí ọmọ, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè lọ́jọ́ ìtọ́jú aboyún: "Kí ni ẹ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ níhìn-ín?" Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ìyàwó, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ké, ẹ má ṣe tíì gbàgbé ìyá rẹ̀. Bí aṣọ abẹ́ rẹ̀ bá ń rin gbingbin, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ìbímọ ṣe ń rí. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni pé bí a bá kí i pé ó kú ewu ọmọ, kí òun fúnra rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dá wa lóhùn.