Ẹni Tí Kò Kágò: Ìwé Ìlàlóye lórí Àtẹ̀jíṣẹ́ Ìpolówó àti Ìpè Tí A Kò Retí

Ìpolówó kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ ń polówó, ẹni tó ń kiri aṣọ òkìrìkà ń polówó, a kì í sì í bínú sí wọn. Ojú títì ni ohùn wọn ti ń dún. Ẹni tó bá fẹ́ rà á pè wọ́n, ẹni tí kò fẹ́ á dákẹ́, wọ́n á sì kọjá lọ. Bí ọlọ́jà bá fẹ́ wọlé, ó gbọ́dọ̀ kágò, kí onílé sì ní "àgò yà" kó tó gbẹ́sẹ̀ wọ inú ilé. Ti orí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pè láti ta ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ yá wa lówó tí a kò tọrọ, ẹni tó ní a jẹ ẹ̀bùn nínú ìdíje tí a kò bá wọn ṣe, kò sí èyí tó kágò nínú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, yálà a ń wakọ̀ ni o, à ń kírun ni o, tàbí à ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀nà wà láti ti ilẹ̀kùn náà, ìwé yìí yóò sì ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé dì mú jù ni pé kì í ṣe nítorí ìsinmi etí nìkan la fi ń tì í. Ìgbà tí a bá tì í tán la ó tó lè dá ọlọ́jà mọ̀ yàtọ̀ sí olè.

Ẹ̀tọ́ wa ni láti tì í. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù nígbà tí wọ́n kọ ọ́, torí náà àwọn kan rò pé kò kan àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti dáhùn ìyẹn ní ọdún 2018, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò kan pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ pé ó jẹ́ kí nọ́ńbà òun dọ́wọ́ àwọn tí òun kò mọ̀ rí, tí wọ́n wá ń da àtẹ̀jíṣẹ́ bo òun. Ilé-ẹjọ́ gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lójú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 dé, tó sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà, àti pé ìgbàkígbà ni ẹnikẹ́ni lè ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa fi nọ́ńbà òun polówó.

Ohun tó wà nínú ìwé òfin àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù kò tíì dọ́gba. Lójú òfin, ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Lójú àwọn tó ń polówó, ó ti gbà tipẹ́. Ìdí nìyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fi ní láti lanu lẹ́ẹ̀kan, ibi tí a ó sì ti lanu ni 2442. Ní ọdún 2016 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, pàṣẹ kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lo nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí. Ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ni ẹ ti kọ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ apá kan lẹ fẹ́, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ gbọ́ nípa owó yíyá, ẹ fi HELP ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọn yóò to ẹ̀ka ọjà sílẹ̀ fún yín, láti ọ̀rọ̀ báǹkì, ilé àti ilẹ̀, títí dé ẹ̀kọ́, ìlera, eré ìdárayá àti ẹ̀sìn, kí ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́. STATUS ni a fi ń wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ALLOW ni a sì fi ń ṣí ilẹ̀kùn padà. Síìmù la fi ń ṣe é, kì í ṣe fóònù: ẹni tó ní síìmù méjì yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo ni ìdènà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó fẹ́ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ alágbàtà ló ti ń rà á lópò, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sì hàn lókè dípò nọ́ńbà. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú alágbàtà yìí: ọ̀nà ìpolówó, àti ọ̀nà ìsọfúnni tí áléètì báǹkì ń gbà. Orí ọ̀nà ìpolówó ni bodè 2442 wà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó tọ́ nìkan ni bodè náà ń dá padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń béèrè pé, àǹfààní wo ló wà nínú ilẹ̀kùn tí ọmọlúàbí nìkan ń bọ̀wọ̀ fún?

Mo gbà pé àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn. Títí a ó fi tì í, ọlọ́jà gidi àti gbájú-ẹ̀ jọ ń wọlé ni, ohùn wọn sì jọra. Àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún wa, àwọn méjèèjì mọ orúkọ wa, àwọn méjèèjì ní ọjà tí ó máa tán lónìí. Ọgbọ́n tí gbájú-ẹ̀ fi ń ríṣẹ́ ṣe ni pé ó fara pamọ́ sínú ogunlọ́gọ̀ àwọn tó ń polówó lóòótọ́. Ẹ kó ogunlọ́gọ̀ náà kúrò, ẹ ó rí i lórí ìdúró. Wọ́n ti rí èyí ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti ṣí ìwé orúkọ fún àwọn tí kò fẹ́ ìpè ìpolówó láti ọdún 2003. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, àwọn gbájú-ẹ̀ kò sì tíì yé pe àwọn tó ni wọ́n. Síbẹ̀ àjọ FTC tó ń bójú tó ìwé náà kò ní kí wọ́n pa á tì. Ohun tó ń sọ fún ará ìlú ni pé bí nọ́ńbà yín bá ti wà níbẹ̀, tí ẹni tí ẹ kò bá dòwò pọ̀ rí sì pè láti tajà fún yín, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ oníjìbìtì. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílùú Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, TPS ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kò sí àwáwí tí à ń gbọ́ ju pé "mo ti ṣe é, wọn ò dẹ́kun" lọ. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo ohun tó ń wọlé náà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé owó ló ń lọ lórí fóònù rẹ̀ nítorí orin tí ẹni tó pè é ń gbọ́, ìròyìn bọ́ọ̀lù, tàbí àdúrà òwúrọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sí ni, bóyá pẹ̀lú bọ́tìnì kan tó ṣèèṣì tẹ̀. 2442 kò kan ìyẹn. Láti ọdún 2023, 305 ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò fún dídá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ orí WhatsApp ni, orí WhatsApp náà la ti ń dènà ẹni bẹ́ẹ̀, tí a sì ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ó bá wá jẹ́ láti nọ́ńbà lásán, onídìgíìtì mọ́kànlá bíi ti èmi àti ẹ̀yin, ẹni náà ti yẹ bodè sílẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọlọ́jà kékeré tí kò mọ òfin. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dárúkọ báǹkì, BVN, tàbí nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má bá a ṣe àlàyé kankan: ẹ pa ìpè náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báǹkì yín. Ẹ má sì fi STOP dá nọ́ńbà àjèjì lóhùn. 2442 la ń fi STOP ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá dá oníjìbìtì lóhùn ti sọ fún un pé ènìyàn wà nídìí nọ́ńbà náà.

Ẹ̀rù pé áléètì báǹkì kò ní wọlé mọ́ tún ń dá ọ̀pọ̀ dúró, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Gẹ́gẹ́ bí ètò ṣe wà, 2442 kò gbọdọ̀ dí áléètì lọ́wọ́, torí kì í ṣe ìpolówó. Ohun tó máa ń fa ìṣòro ni ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba ọ̀nà ìpolówó fi ìsọfúnni pàtàkì ránṣẹ́, tí bodè sì dá a padà pẹ̀lú ìyókù. Àṣìṣe ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ fún báǹkì yín pé àtẹ̀jíṣẹ́ wọn kò wọlé láti ìgbà tí ẹ ti lo 2442, kí wọ́n tún ọ̀nà wọn ṣe. Ní ti àwọn tó ń sọ pé kí a ṣàánú ọ̀dọ́ tó ń fi ìpè ìpolówó wá oúnjẹ òòjọ́, àánú wọn ń ṣe èmi náà. Àmọ́ ìpè sí ẹni tó ti ní òun kò fẹ́ kì í mú ọjà tà, àkókò àwọn ọ̀dọ́ náà ló ń ṣòfò.

Ibi tí nọ́ńbà wa ti ń jáde ló yẹ kó ká wa lára jù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Ìwé tí a ń fọwọ́ sí níbi ayẹyẹ, fọ́ọ̀mù ìdíje ní ilé ìtajà ńlá, nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ fún mègáàdì nílé onílé: ẹ máa béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo bí wọn kò bá rí èsì fọ̀. Àwọn áàpù ayánilówó ti ba ẹ̀rí ara wọn jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ni àwọn kan ń kó, tí wọ́n á sì máa pe ìyàwó àbúrò, pásítọ̀ àti ọ̀gá ẹni tó jẹ gbèsè. Ní ọdún 2023 ni Google fòfin de irú áàpù bẹ́ẹ̀ láti máa wo orúkọ àti àwòrán inú fóònù. Áàpù tó bá ṣì ń béèrè fún un kí ó tó yáni lówó kò yẹ lórí fóònù ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti lo 2442, tí ìpolówó láti ilé-iṣẹ́ tó dárúkọ ara rẹ̀ ṣì ń wọlé, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ pa ọjọ́, àkókò àti orúkọ tó hàn mọ́, kí ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lórí 300, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ tí ẹ fi sùn. Bí wọn kò bá rí i yanjú, ẹ pe àjọ NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Wọn yóò béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ àkọ́kọ́ náà. Ẹni tó ní ìyá tàbí bàbá àgbà nílé, kí ó jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó bá wọn fi STATUS ránṣẹ́ sí 2442, kí ó ka èsì rẹ̀ sétí wọn, kí ó sì kọ 2442, 305 àti 622 gàdàgbà sórí ìwé kékeré kan tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù.