FÉRÉMÙ ONÍGI FÚN TÁÌLÌ ỌLỌ́NÀ: IGI Ń MÍ, TÁÌLÌ KÌ Í MÍ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní táìlì ọlọ́nà kan nílé tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ó fi í ṣe. Kì í ṣe táìlì ilẹ̀ bálùwẹ̀ ni mò ń wí. Èyí tí mò ń wí ni awẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ tí a ya ẹyẹ, òdòdó, ọkọ̀ ojú omi tàbí àwòrán ènìyàn sí lára, tí a sì fi iná sun títí ó fi ń dán. Ọmọ tó lọ sókè òkun rà á wálé, tàbí ọ̀rẹ́ fi í ta yín lọ́rẹ. Òmíràn wà nínú àpótí láàárín aṣọ, òmíràn fẹ̀yìn ti ògiri lórí tábìlì, ó ń retí ọjọ́ tí ọmọ kékeré yóò gbá a lulẹ̀.

Iṣẹ́ káfíńtà ni iṣẹ́ mi, férémù ni mo sì yàn láàyò. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é. Bí mo bá dárúkọ owó iṣẹ́ mi, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ọ̀gá káfíńtà, igi mẹ́rin péré náà nìyẹn!" Òótọ́ ni, igi mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ni àga ní, bí ọ̀kan bá sì yẹ̀, ẹni tó jókòó lé e á mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálámù lónìí, kí n lè sọ ohun tó wà nínú igi mẹ́rin yìí fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó ara rẹ̀ ba ohun ìrántí rẹ̀ jẹ́.

AMỌ̀ SÍSUN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òyìnbó nìkan ni kí ènìyàn fi amọ̀ sísun ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn baba wa to àpáàdì ìkòkò lóró sí ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí egungun ẹja. Ní ibòmíràn wọ́n to òkúta funfun wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú u jáde, ìtàn Ifẹ̀ sì sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Potogí, azulejo ni wọ́n ń pe táìlì ọlọ́nà. Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n fi í bo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ààfin àti ilé gbogbo ènìyàn. Ní Lisbon, ilé àwọn obìnrin onísìn kan tí a dá sílẹ̀ ní 1509 ti di ilé ìṣúra táìlì lónìí. Ibẹ̀ ni àwòrán ìlú Lisbon kan wà tí a fi táìlì ṣe ní nǹkan bí ọdún 1700. Gígùn rẹ̀ tó mítà 23, ó sì fi ìlú náà hàn bí ó ti rí kí ilẹ̀ tó mì ní 1755, tó wó ọ̀pọ̀ ilé palẹ̀. Àwọn Potogí kan náà ló kó táìlì lọ sí Brazil. Ní Bahia, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú, táìlì aláró bo ògiri àgbàlá ilé ìsìn São Francisco títí di òní.

Lára ògiri bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ táìlì àti ohun tí a fi mọ ọ́n ló dì í mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo tó dé ọwọ́ yín, férémù ni ògiri rẹ̀.

IGI Ń MÍ

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù tí mo ní í sọ nìyí: igi ń mí, táìlì kì í mí. Igi tí a ti gé, tí a ti là, tí a ti fá, kò tíì bá omi pínyà. Nígbà òjò ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú. Nígbà ọyẹ́ ó ń tu omi náà sílẹ̀, ó ń súnkì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń yí. Ní ti táìlì, iná ti ṣe tirẹ̀ tán lára rẹ̀. Òjò ìbáà rọ̀, ọyẹ́ ìbáà fẹ́, bákan náà ló wà.

Ẹ wo pákó ìrókò tó fẹ̀ ní ínṣì 8. Láti ìgbà òjò sí àárín ọyẹ́, ó lè súnkì tó 1/16 ínṣì. Ẹ ó ní kí ni ìyẹn? Ó tó ìnípọn owó ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi àtè líle lẹ táìlì mọ́ pákó náà, táìlì kò lè súnkì, igi kò sì ní í gbà láti dúró. Nínú ìjà àwọn méjèèjì, nǹkan kan ní láti jọ̀wọ́: yálà kí àtè tú, tàbí kí táìlì ya.

Mo ti rí èyí tó ya. Ìyá àgbà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú ọyẹ́ pẹ̀lú nǹkan tí ó dì sínú gèlè. Táìlì Potogí kan ni, àwòrán ọkọ̀ ojú omi ló wà lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló rà á fún un ní Lisbon, bàbá náà sì ti kú. Káfíńtà kan tí n kò ní í dárúkọ ti fi àtè líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó gidi, ó sì fi férémù fún un pinpin láìsí àyè kankan. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ kọjá, kò sí nǹkan. Ọyẹ́ kejì dé, ìyá gbọ́ ìró kan lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ náà ti là sí méjì.

Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi tún un ṣe. Kì í ṣe owó rẹ̀ ni mò ń wò, ọwọ́ bàbá ni."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Mo lè tò ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó máa rí ojú ibi tó ti ya."

Ó ní kí n tò ó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi rọra tú u kúrò lára pákó. Mo to awẹ́ méjèèjì pọ̀, mo sì ṣe férémù míràn fún un lọ́nà tí mo fẹ́ júwe yìí. Ọyẹ́ mẹ́jọ ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí. Ìlà kan náà ló ṣì wà níbẹ̀, kò di méjì.

IGI WO NI KÍ A LÒ?

Àwọn onímọ̀ igi ti wọ̀n ọ́n pé bí a bá gbẹ ìrókò tútù títí omi fi tán pátápátá lára rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ yóò dín ní nǹkan bí 3.8 nínú 100 ní ìhà tó ti ń súnkì jù. Ọ̀gànwó yóò dín ní nǹkan bí 4.5, tíìkì ní nǹkan bí 5.8. Igi óákù funfun ti Amẹ́ríkà, tí àwọn oníférémù táìlì lọ́hùn-ún fẹ́ràn púpọ̀, yóò dín ní nǹkan bí 10.5. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ óákù tí a là láti èèpo lọ sí ọkàn igi, kí súnkì rẹ̀ lè mọ ní 5.6. Ẹ ò rí i pé igi rere wà nílé!

Ṣùgbọ́n ìrókò ní ìwà tirẹ̀. Nígbà míràn nǹkan líle bí òkúta wà nínú rẹ̀ tí í máa kú irin iṣẹ́, eruku rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú, nítorí náà ẹ fi aṣọ bo imú. Ó sì ti ń wọ́n. Èmi kì í ra gẹdú nítorí férémù. Àgékù tó kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga àti ilẹ̀kùn tó mi. Mo ń tò wọ́n síbi ibòji, igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, mo sì ń fi ọ̀dà kun orí wọn kí wọ́n má baà là. Ọdún kan fún ínṣì kan ni ìnípọn ni mo fi ń dúró dè wọ́n.

BÍ MO ṢE Ń ṢE É

Táìlì Potogí àtijọ́ sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 14 níhà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ínṣì 5½. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í dọ́gba délẹ̀. Mo ń wọn ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ̀n tó pọ̀ jù ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ara ọ̀pá igi kan ṣoṣo ni mo ti ń gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní títẹ̀léra, kí iṣan igi lè ṣàn yí férémù ká. Ní ẹ̀yìn etí inú, mo ń gbẹ́ ibi tí táìlì yóò jókòó sí, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3/16 ínṣì. Nínú èyí, 1/8 ínṣì ló bo etí táìlì níwájú, 1/16 tó kù sì jẹ́ àyè òfìfo yí táìlì ká. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní káfíńtà gé e jù. Kò mọ̀ pé àyè ìmí ni.

Orí igi kọ̀ọ̀kan ni mo ń gé ní díkírì 45 kí wọ́n lè pàdé ní igun. Ibẹ̀ ni ọ̀tá wà. Bí igi bá súnkì nígbà ọyẹ́, inú igun ni yóò là. Bí ó bá wú nígbà òjò, òde igun ni yóò là. Orí igi sì ń mu àtè bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu omi, nítorí náà àtè nìkan kò tó. Mo ń fi àtè so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, mo ń fi okùn dì í yíká, kí ó tó gbẹ mo sì ń wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, férémù gún. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, mo ń fi ayùn la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí igun kọ̀ọ̀kan láti òde, mo sì ń ki awẹ́ igi pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, kí iṣan awẹ́ náà dábùú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé.

Epo linseed ni mo fi ń pa á kí táìlì tó wọlé. Ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe ká àkísà tó mu epo yìí jọ sí kọ̀rọ̀, nítorí ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ.

Táìlì wọlé, aṣọ nínípọn níwájú etí rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, púláíwúùdù ló sì tì í lẹ́yìn. Ìpele púláíwúùdù dábùú ara wọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í súnkì bíi pákó. Súkúrù mẹ́rin ló dè é. Àtè kankan kò kan táìlì. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́yìn 50 ọdún, súkúrù mẹ́rin ni yóò tú. Ara igi férémù gan-an ni kí ẹ de ìkọ́ mọ́, kì í ṣe ara púláíwúùdù, nítorí táìlì wúwo ju fọ́tò lọ.

OHUN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Férémù oníke wà lọ́jà tí a ń rà ní ìṣẹ́jú kan. Tèmi ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe jẹ́ kí a lẹ̀ ẹ́ kí a yára? Oníbàárà kì í wo ẹ̀yìn rẹ̀." Mo ní, "Ọyẹ́ yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní táìlì nílé, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi káfíńtà yín kí ẹ tó sanwó. Èkíní: ìgbà wo ni igi yìí ti ń gbẹ? Èkejì: ṣé àyè yóò wà yí táìlì ká? Ẹ̀kẹta: ṣé a lè tú u láìba nǹkan kan jẹ́? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ẹ má ṣe bá a yọ owó púpọ̀. Bí ó bá ní òun yóò fi àtè lẹ̀ ẹ́ pa ni, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ sì gbé táìlì yín padà sínú gèlè.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni férémù: kí ó di táìlì mú, kí ó má fún un pa.