Bí A Ṣe Ń Dáhùn Ìbéèrè Lórí Ìtàn Àròsọ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ orúkọ ọnà èdè bí ẹní mowó, síbẹ̀ tí máàkì wọn kò tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ ni wọ́n ń tò sílẹ̀. Wọn kì í sọ iṣẹ́ tí ọnà náà ń ṣe nínú ìtàn. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, tí o sọ pé òwú pupa wà nínú òfì tó ń hun, o kò tí ì sọ nǹkan kan. Ohun tí òwú náà ṣe sí ẹwà aṣọ ni kí o sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tó jáde ní 1969, ṣe àpẹẹrẹ.

(i) Kókó ọ̀rọ̀: Òmìnira ni. Àwọn ará Òkè-Ògùn wà lábẹ́ àjàgà Olúmokò, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe bọ́.

(ii) Ẹ̀dá ìtàn: Àjàyí ni olú ẹ̀dá ìtàn. Má kàn kọ ọ́ pé ‘akíkanjú ni’. Tọ́ka sí ohun tó ṣe, ohun tó sọ, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀.

(iii) Ibùdó ìtàn: Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Koríko pọ̀ níbẹ̀, eṣinṣin tó ń kó àrùn ran ẹṣin kò sì pọ̀ tó ti inú igbó kìjikìji. Ìdí nìyí tí orúkọ bí Olókùn Ẹṣin fi bá ibẹ̀ mu. Bí a bá gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ sínú ẹgàn Oǹdó, yóò ṣòro gbàgbọ́.

(iv) Ọgbọ́n ìsọ̀tàn: Ẹ̀dá ìtàn tó sọ ìtàn yìí ju ẹyọ kan lọ, olúkúlùkù sì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òǹkọ̀wé jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

(v) Ọnà èdè: Ka àyọkà kékeré yìí:

‘Ọyẹ́ wọ Ṣakí lóru. Ó yọ́ wọ yàrá Àlàkẹ́ bí olè, ó sì fa ètè rẹ̀ ya kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀; ó ń wo àká tó ti ṣófo.’

Ìdáhùn tí kò kún tó: ‘Ìfohunpènìyàn àti àfiwé tààrà wà níbẹ̀.’

Ìdáhùn tó dára: ‘Òǹkọ̀wé fi ìfohunpènìyàn sọ ọyẹ́ di ẹni tó ń yọ́ rìn, ó sì fi àfiwé tààrà fi í wé olè. Nígbà tí a wá rí àká tó ṣófo, ńṣe ló dà bí ilé tí olè ti kó. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ebi ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀.’

Nítorí náà, nígbà tí o bá wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni orúkọ ọnà yìí? Níbo ló wà nínú ìwé? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀? Má ṣe fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ láéláé, nítorí òun ló ń fi hàn pé ìtàn náà yé ọ.