Ẹrú Tí Ó Sùn Láàárín Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù: Ibojì St. Patrick's Àtijọ́ ní New York

Láyé àtijọ́, àgbà tí ó bá kú nílẹ̀ Yorùbá, inú ilé rẹ̀ ni a ń sin ín sí. Yàrá rẹ̀ gan-an ni a óò gbẹ́, a ó sì tún ilẹ̀ ibẹ̀ rẹ́ kí ó dán, àwọn ọmọ-ọmọ yóò sì tẹ́ ẹní lé e lórí, wọn yóò sùn. Kò sí ẹ̀rù níbẹ̀, nítorí baba ẹni kì í ṣe àlejò. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, wọ́n ní àṣà yìí kò bá ìmọ́tótó mu, wọ́n sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún itẹ́ òkú. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn òyìnbó fúnra wọn, pàápàá àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, ti ń sin òkú sí abẹ́ ibi tí alààyè ń tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwọn. Ọ̀kan nínú irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín dé lónìí, nítorí òkú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n gbé kúrò níbẹ̀.

Ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó wà, láàárín òpópó Mott àti òpópó Mulberry. St. Patrick's àtijọ́ ni à ń pè é. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún St. Patrick's ńlá ti Fifth Avenue tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Àbúrò ni ìyẹn, 1879 ni wọ́n tó ṣí i. Ní 1809 ni wọ́n ti fi òkúta ìpìlẹ̀ ti àtijọ́ yìí lélẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1815. Iná jó o ní 1866, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i padà ní 1868.

Ohun tí ojú àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé ni ògiri bíríkì gíga tí ó yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ká. Ògiri yìí kì í ṣe ti ẹwà. Àwọn tálákà ará Ireland ni ó pọ̀ jù nínú ìjọ náà nígbà náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan tí wọ́n kórìíra Àgùdà sì ń halẹ̀ pé àwọn yóò jó o níná. Ní 1844, lẹ́yìn tí wọ́n ti jó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Philadelphia, Bíṣọ́ọ̀bù John Hughes kó àwọn ọkùnrin tí wọ́n dira ogun yí ibẹ̀ ká. Àwọn jàndùkú náà kò wá mọ́. Nínú ògiri yìí ni itẹ́ òkú wà, ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ilé ìsìn náà.

Ẹni tí ó bá sanwó láti bá afinimọ̀nà rìn ni wọn yóò fún ní àbẹ́là oníbátìrì, a ó sì mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà tóóró ni, ibojì àwọn ìdílé sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, a ti fi òkúta dí ẹnu wọn, a sì kọ orúkọ sí wọn lára. Olówó àti gbajúmọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn máa ń dúró wò ni ti Thomas Eckert, ọ̀gá àwọn tí ń tẹ wáyà fún Ààrẹ Lincoln nígbà ogun abẹ́lé. Wọ́n fi bíríkì pẹlẹbẹ tí a tò bí ọrun ṣe àjà rẹ̀, wọ́n sì fi iná mànàmáná sí i. Iná mànàmáná fún òkú! Ẹ jẹ́ kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwa náà mọ ẹni tí ó kọ́ ibojì baba rẹ̀ tí ó sì lẹ táìlì mọ́ ọn nígbà tí òjò ń jo sórí ìyá rẹ̀ nínú ilé.

Ààyè wà níbẹ̀ fún eérú òkú pẹ̀lú. Láti 1963 ni ìjọ Àgùdà ti gbà kí a máa sun òkú, ṣùgbọ́n wọ́n pàṣẹ ní 2016 pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú eérú náà sílé, a kò sì gbọdọ̀ fọ́n ọn ká. Lójú tèmi, òkú sísun kò bá wa lára mu rárá.

Ṣùgbọ́n òde ni ọ̀rọ̀ wa wà, nínú itẹ́ òkú. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Pierre Toussaint sí ní 1853. Ẹrú ni a bí i ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Háítì lónìí. Ní 1787 ni ọ̀gá rẹ̀, Jean Bérard, kó o wá sí New York, ó sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ irun ṣíṣe. Nígbà tí ọ̀gá náà kú tí ọrọ̀ rẹ̀ sì ṣègbé, ẹrú yìí ni ó ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ opó ọ̀gá rẹ̀, láìjẹ́ kí ara ìta mọ̀. Ní 1807 tí obìnrin náà ń kú lọ ni ó tó dá a sílẹ̀. Toussaint ra òmìnira fún Rosalie arábìnrin rẹ̀, ó ra ti Juliette, ó sì fi í ṣe aya ní 1811. Ó tọ́ Euphemia ọmọ Rosalie bí ọmọ bíbí inú ara rẹ̀. Ó ń gba ọmọ òrukàn sílé, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì wà lára àwọn tí ó kó owó jọ fún kíkọ́ St. Patrick's yìí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi san án fún un. Ní 1842, àwọn tí ń fi ènìyàn jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà yìí dí ọ̀nà mọ́ ọn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Louis Binsse, tí ó jẹ́ alága àwọn ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó kọ lẹ́tà sí i láti tọrọ àforíjì. Toussaint kò fi ìjọ sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ sísọ ọ́ di ẹni mímọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti hú egungun rẹ̀, kí wọ́n lè dá a mọ̀ dájú. Àwọn onímọ̀ fi agbárí tí wọ́n rí wé fọ́tò rẹ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ní 1990 ni wọ́n gbé e lọ sí abẹ́ pẹpẹ ńlá ti St. Patrick's ní Fifth Avenue, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà àti kádínà ìlú náà ń sùn. Òun ni ọmọ ìjọ lásán àkọ́kọ́ tí wọ́n sin síbẹ̀. Hughes tí ó ko àwọn jàndùkú lójú wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀; òun náà, láti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni wọ́n ti gbé e wá ní 1883. Ní 1996, Póòpù John Paul Kejì fi oyè Ẹni Ọ̀wọ̀ dá Toussaint lọ́lá.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ líle ni òkú híhú. Ẹni tí a bá hú òkú rẹ̀, a máa ń bèèrè ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ti Toussaint yàtọ̀, nítorí ọlá ni wọ́n fi hú u. Ẹni tí a dí ọ̀nà mọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn wá di ẹni tí a tẹ́ sí abẹ́ pẹpẹ. Inú mi dùn sí i, síbẹ̀ ọ̀kan ṣì ń dùn mí. Òun nìkan ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n fi Juliette àti Euphemia sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ó ti bá wọn sùn fún ọdún mẹ́tàdínlógóje. Mo rò ó wò fún àwọn àgbà kan, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí aya bá kú, ilé baba rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e padà lọ sin sí? Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn pé Juliette kò ní ilé baba kankan ní New York. Ẹrú ni òun náà tẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Àgbà náà kò fèsì.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ibojì ìdílé náà hàn yín nínú itẹ́ òkú, nínú ògiri bíríkì náà. Euphemia ti wà níbẹ̀ láti 1829, Juliette láti 1851.