Àwọn Ọmọ Tí Ń Gun Ìgbì ní Èkó, àti Ilẹ̀ Tí Ahunṣọ Fi Ń Ta Òwú



A mọ̀ pé bí ẹ bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí, àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Kí ló kan ará Ṣakí kan òkun? Ṣé ìgbì la fẹ́ gbìn sí oko iṣu ni?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Odò Ògùn tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo agbègbè wa ní Òkè-Ògùn, àárín àwọn òkè tó wà nítòsí Ṣakí ló ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìsẹ́yìn kọjá, níbi tí ìjọba ti sé e ní Ìkèrè, ó kọjá ní Abẹ́òkúta, títí ó fi dà sínú ọ̀sà Èkó. Ẹnu èbúté Èkó ni omi ọ̀sà yìí sì ń gbà wọ òkun. Ní ẹnu èbúté yẹn gan-an, ní apá ìwọ̀-oòrùn, ni etíkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Tarkwa Bay. Omi tiwa ló ń kọjá níwájú ilé wọn. Nítorí náà, bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, kò burú bí àwa tí a wà ní orísun bá dúró gbọ́ ọ.

Kò sí títì tí mọ́tò lè gbà dé Tarkwa Bay. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi gbajúmọ̀ ni eré kan tí wọ́n ń pè ní sọ́ọ̀fù, èyí ni ìgbì gígun. Ọmọ náà á dùbúlẹ̀ lé pákó gígùn kan tó fúyẹ́, á fi ọwọ́ méjèèjì wa omi títí á fi dé ibi tí ìgbì ti ń gbéra. Á dúró dè é níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbì ló dára, ọmọ tó gbọ́n mọ èyí tó yẹ kó jẹ́ kó kọjá. Bí èyí tó ń retí bá dé, á wa ọwọ́ kíákíá, á fò dìde lórí pákó, ìgbì á sì gbé e bọ̀ ní èbúté bí ẹni tó gun ẹṣin aré.

Kí ló mú kí ìgbì ibẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀ o. Láyé àtijọ́, yanrìn tó wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ọkọ̀ tó bá ti ìlú òyìnbó bọ̀ á dúró sínú òkun, tàbí kó lọ já ẹrù ní Forcados kí ọkọ̀ kékeré tó kó o wá sí Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni ìjọba òyìnbó da òkúta ńláńlá sínú òkun, tí wọ́n fi mọ odi gígùn sí ọ̀tún àti òsì ẹnu èbúté. Odi yìí ló jẹ́ kí ọkọ̀ lè máa wọlé. Òun náà ló jẹ́ kí yanrìn kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, tí òkun sì ń jẹ ilẹ̀ Bar Beach ní apá ìlà-oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Odi òkúta náà ló sì ń darí ìgbì tó fi ń ya létòlétò níbi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń gùn ún. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí ọjà àti owó orí ọkọ̀ ló wá bí pápá ìṣeré fún ọmọ apẹja.

Àwọn ọmọ náà kò lọ sí ilé-ìwé kankan láti kọ́ ọ. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló máa ń gbé pákó wá ṣeré níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó bá ń bá wọn ru ẹrù á máa wò wọ́n. Pákó tó bá kán, tàbí èyí tí olówó rẹ̀ bá fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, òun ni ọmọ náà á fi bẹ̀rẹ̀. Bí pákó bá lu, wọ́n á fi gáàmù lílẹ̀ ẹ, wọ́n á há a títí á fi jọ̀lọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́ àbúrò. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa á máa kọ́ àlejò, á sì gba owó rẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ ọwọ́ tiwa náà ṣe rí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé eré yìí wá sí etíkun wa. Ní 1966 ni fíìmù Amẹ́ríkà kan tí Bruce Brown ṣe, The Endless Summer, jáde sí ilé sinimá. Ó fi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó méjì hàn tí wọ́n ń wá ìgbì kiri àgbáyé, wọ́n sì dé Senegal, Gánà àti Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wo fíìmù náà gbà pé ìgbà yẹn ni aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú eré bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni! Ará Jámánì kan, Michael Hemmersam, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1640 pé ní Gold Coast, àwọn òbí a máa so ọmọ wọn mọ́ pákó, wọn a sì gbé e sínú omi kó lè kọ́ bí wọ́n ti ń wẹ̀. Ní 1834, òyìnbó mìíràn, James Alexander, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pákó fífúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n wẹ̀ lọ sójú òkun, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí ìgbì sì gbé wọn padà wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kevin Dawson ní Amẹ́ríkà kó irú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ sínú ìwé tó ṣe ní 2018. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tí kò kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ ọ́.

Àwọn bàbá wa tó ṣe òwò ní Gánà mọ etíkun Accra yẹn. Títí Tema fi ṣí ní 1962, ọkọ̀ onígi ni wọ́n fi ń la ìgbì kọjá láti kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ńlá wá sí Accra. Ọkùnrin tó ń tu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ka ìgbì bí ẹni ka owó. Ní etíkun kan náà, nítòsí ìlú náà, ni Teshie wà. Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Seth Kane Kwei, tí wọ́n bí ní 1922. Láti àwọn ọdún 1950 ló ti ń kan pósí tó bá iṣẹ́ tí olóògbé ṣe láyé mu. Apẹja á sùn sínú ẹja tàbí ọkọ̀ ojú omi, àgbẹ̀ á sùn sínú èso kòkó. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ló ń ṣe é fún, kì í ṣe fún àfihàn. Ṣùgbọ́n ní 1989, wọ́n kó pósí Teshie lọ sí ìfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Paris, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Kane Kwei kú ní 1992. Iṣẹ́ náà kò kú, nítorí ó ti ní ọmọṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Paa Joe, di olókìkí tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọṣẹ́, igi wà nílẹ̀, ọmọ bàbá náà wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tarkwa Bay yàtọ̀ sí èyí.

Ní oṣù January ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi dé sí Tarkwa Bay pẹ̀lú ìbọn àti katakata. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kó jáde, wọ́n sì wó ilé wọn. Ohun tí àwọn ológun sọ ni pé àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo ní agbègbè náà. Ohun tí àwọn olùgbé sọ ni pé wọn kò fún àwọn ní àyè tó láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò nílé mọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, títí kan àwọn ọmọ tí ń gun ìgbì. Kì í ṣe àwa ni yóò dá ẹjọ́ ọ̀pá epo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ẹni tí kò fọ́ ọ̀pá kankan, tó jẹ́ pé ẹja ló ń pa tàbí tó ń kọ́ àlejò ní ìgbì, kí ló ní lọ́wọ́ tó lè fi hàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ibi tí òun dúró? Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 2021, ni wọ́n gbé sọ́ọ̀fù wọ ìdíje Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Japan. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún eré náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Èkó sì ń wá ibi tí wọn yóò sùn.

Lóòótọ́, eré náà kò parẹ́ níbẹ̀. Ìmọ̀ tó wà lára kò ṣeé fi katakata wó. Àwọn ọ̀dọ́ náà padà sórí omi, wọ́n sì ń kọ́ àwọn kékeré. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ẹni tó mọ iṣẹ́ tó tún ní ibi tó ti ń ṣe é.

Ṣé ẹ̀kọ́ yìí ṣàjèjì sí wa ni? Rárá o. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé ìlú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó fi kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ògùn wà níbẹ̀: ará Ṣakí, ará Ìgbòho, ará Ìgbẹ́tì. Àwọn kan ti ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ fún ogún ọdún, wọ́n ti bímọ níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé. Ìwé ni kò sí. Ẹrù tó ṣeé gbé ni wọ́n gbé, èyí tí kò ṣeé gbé ṣẹ́kù síbẹ̀. Ilé tí ẹni tó rí ọjọ́ náà kò ti sọ ọ́ fún ọmọ kò wọ́pọ̀ ní ìlú wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé wàyí. Ìsẹ́yìn ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ìlú aṣọ òkè. Ẹtù, sányán, àlàárì, òfì ni wọ́n fi ń hun gbogbo wọn. Ẹ̀yin ahunṣọ inú ẹgbẹ́ mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí ju àwa tí a ń kọ̀wé lọ: iṣẹ́ òfì kì í ṣe iṣẹ́ inú yàrá. Òwú gígùn ni a ń ta síwájú òfì, tí a so mọ́ ẹrù wúwo tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn sí i. Ilẹ̀ gbalasa ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Bí wọ́n bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú òfì, òfì náà ti kú nìyẹn, bí ahunṣọ tilẹ̀ mọ iṣẹ́ ju baba rẹ̀ lọ. Gbogbo wa là ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí ẹ̀rọ hun láti òkè òkun, tó ń díbọ́n bí aṣọ òkè lọ́jà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó sún mọ́ wa jù lè jẹ́ ilẹ̀ tí òfì jókòó lé. Ta ló ni ín? Bí ilẹ̀ ẹbí bá ni, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ẹbí bá fẹ́ pín in tà?

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ará ìlú. Ilẹ̀ tí kò sí ní agbègbè ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlò rẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀. Láti ìgbà òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1935 ni ohun pàtàkì mìíràn sì ti wà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé: ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin jẹ́ ẹni kan ṣoṣo lójú òfin. Ó lè ra ilẹ̀, ó lè di ilẹ̀ mú ní orúkọ ara rẹ̀. Ènìyàn á kú, ọmọ rẹ̀ á pín ogún. Ẹgbẹ́ kì í kú bẹ́ẹ̀, wọn kì í pín ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Owó tí a ń dá lóṣooṣù, kì í ṣe owó yíyá fún ìnáwó ọdún nìkan ló wà fún.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ fi síwájú yín kí a tó pàdé ní ìpàdé gbogbogbòò. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ gbogbo àgbàlá tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń hun aṣọ sílẹ̀, kí a mọ ẹni tó ni ilẹ̀ rẹ̀, kí a sì mọ ìwé tó wà lọ́wọ́. Èkejì, níbi tí ẹbí bá ti fẹ́ tà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ ẹgbẹ́, kí a jókòó sọ ọ́, kí a wo agbára àpò wa. Ẹ̀kẹta, kí a ní ìwé tí a ó máa kọ orúkọ ọmọṣẹ́ sí, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀gá tó kọ́ ọ, kó má baà di pé àlejò ni yóò máa ka ìtàn wa fún wa.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní owó kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni, kò tó. Àgbàlá kan ṣoṣo lọ́dún kan náà kò kéré. Ọmọ Tarkwa Bay tó ń gun ìgbì kì í gun gbogbo ìgbì tó bá dé. Ṣùgbọ́n bí èyí tó yẹ bá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, kì í jókòó máa wò ó.

A ó ríra ní ìpàdé o. Ẹ mú káàdì yín dání, kí ẹ sì bá wa mú èrò yín wá.