Abẹ́rẹ́ ìgbóná mọ́tò tó ń lọ sókè sódò: ẹ má fojú kékeré wò ó



Láìpẹ́ yìí, a wọ takisí ní Ikpinlè, à ń lọ sílé. Nígbà tí awakọ̀ dúró kó èrò, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, a rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn ti gòkè dé etí àmì pupa. Bí a ṣe gbéra, ó tún sọ̀ kalẹ̀. A fi han awakọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Omi ni mo máa ń bù sí i.» Lóòótọ́, bidon omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ ká kọ èyí. Mọ́tò kì í mu omi bí ènìyàn. Omi kan náà ló yẹ kó máa yí po nínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tí ẹ bá ń bu omi sí i lójoojúmọ́, ibì kan wà tí omi ń gbà jáde, ibẹ̀ ló yẹ ká wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ń ti omi káàkiri ara ẹ́ńjìnnì kó lè gba ooru rẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lójú ọ̀nà, thermostat ni, àwọn mìíràn ń pè é ní calorstat. Tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 80 sí 90 degree, ilẹ̀kùn yìí á ṣí, omi á lọ sínú radiatẹ́ẹ̀, atẹ́gùn àti abẹ̀bẹ̀ á sì mú un tutù. Ìdérí radiatẹ́ẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀, kó má bàa hó ní 100 degree. Ìdérí tó ti rọ̀ á jẹ́ kí omi tètè hó, kó sì dànù.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tó ń dùn ún? Ẹ wo ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gòkè.

Tó bá gòkè nígbà tí mọ́tò dúró, tó sọ̀ nígbà tó ń sáré, ẹ wo abẹ̀bẹ̀: fusible rẹ̀, okùn iná rẹ̀, tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ nínú mọ́tò àtijọ́. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ o, abẹ̀bẹ̀ oníná lè ṣàdédé yí nígbà tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì pàápàá.

Tó bá gòkè nígbà tí mọ́tò ń sáré tàbí tó kó ẹrù wúwo, ó ṣeé ṣe kí radiatẹ́ẹ̀ ti dí. Eruku ọyẹ́ àti koríko ń dí i níta. Ìpẹ́ funfun tí omi kànga ń fi sílẹ̀, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ń dí i nínú.

Tó bá ń lọ tó ń bọ̀ láìsí ìdí kan, omi ti dín, atẹ́gùn sì ti wọlé. Ẹ wo gbogbo durite, pọ́ǹpù àti ìdérí. Tí òróró ẹ́ńjìnnì bá dà bíi kọfí oní-mílíìkì, tàbí tí èéfín funfun ò dáwọ́ dúró, joint de culasse ti bàjẹ́. Ẹ má wà á mọ́.

Tó bá ń fò lójijì nígbà tí ẹ tan iná mọ́tò, ẹ wo okùn iná àti sonde ná.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí èéfín omi bá ń rú, tí abẹ́rẹ́ sì já wálẹ̀ lójijì, ẹ má rò pé ó ti tutù. Ó ṣeé ṣe kí omi má sí lára sonde mọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró, ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣí ìdérí tó gbóná láé: omi á tú sójú, á bó ènìyàn lára. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, irin rẹ̀ lè sán. Tó bá ti tutù pátá, ẹ rọra bu omi sí i, ẹ tan án pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, kí ẹ máa fi kún un títí atẹ́gùn fi máa jáde tán. Kí ẹ tó wá dé e.

Àwọn mekanisíẹ̀n kan máa ń yọ thermostat jù nù. Abẹ́rẹ́ á sọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná tó, á máa jẹ essence, àìsàn tó ń mú un gbóná ò sì lọ. Ẹ ní kó fi tuntun síbẹ̀. Ẹ sì ra liquide de refroidissement dípò omi kànga.

Ní ti takisí tí a wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, a sọ fún awakọ̀ pé kó wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó tó tún bu omi. Fusible kan kò wọ́n. Ẹ́ńjìnnì tó jóná, oúnjẹ ilé ló ń bá a lọ.